Ọmọ Ilé Méjì: Ta Ni Yóò Sọ Ọ́ Lórúkọ?



Ọ̀ràn kan wà tí a máa ń fi ṣe ẹ̀rín nígbàtí a bá jókòó lẹ́hìn oúnjẹ alẹ́, tí èmi sì rò pé ó yẹ kí a gbé wá sínú ìwé wa yìí, nítorí pé láìpẹ́ ọjọ́ yóò di iṣẹ́ fún olúkúlùkù wa. Ọ̀ràn náà ni ti àwọn ọmọ tí bàbá wọn ti inú ẹ̀yà kan wá, tí ìyá wọn sì ti inú ẹ̀yà mìíràn wá, àwọn tí àwọn ará ìgboro ń pè ní háàfù-káàsì. Orúkọ yìí kò dára. Ó ń sọ pé ìdajì ènìà li ẹni náà, bẹ́ẹ̀ni kò sí obìnrin tí ó tíì bí ìdajì ọmọ rí. Nínú ohun tí mo ń kọ yìí, ọmọ ilé méjì li èmi yóò máa pè wọ́n, títí ẹni tí ó gbọ́n jù mí lọ yóò fi fún wa lí orúkọ tí ó sàn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìbéèrè mi ni pé, ta li ó ní àṣẹ láti sọ ohun tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ jẹ́? Ìjọba ni, tàbí àwọn aládùúgbò tí ń wo àwọ̀ rẹ̀, tàbí àwọn òbí rẹ̀, tàbí òun tìkára rẹ̀?

Èmi rò pé òun tìkára rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n kí ẹ má tètè pàtẹ́wọ́ fún mi, ẹ̀nyin ẹlẹgbẹ́ mi, nítorí ìdáhùn yìí kò rọrùn tó bí ó ti dùn ún gbọ́. Àwọn baba wa sọ pé ilé li à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ilé bá jẹ́ méjì ńkọ́, tí ọ̀kan nínú wọn kò sì fẹ́ jẹ́wọ́ ọmọ, èwo li a ó wò?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ yà sí Amẹ́ríkà, nítorí ibẹ̀ li a ti fi òfin dáhùn ìbéèrè yìí fún ìgbà pípẹ́. Lí ọdún 1662, nígbàtí Virginia ṣì wà lábẹ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì, àwọn aṣòfin ibẹ̀ pàṣẹ pé ipò ìyá ni ọmọ yóò jogún: bí ìyá bá jẹ́ ẹrú, ẹrú ni ọmọ. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀, bàbá ni ọmọ ń tọ̀ lẹ́hìn. Kí li ó dé tí nwọ́n fi yí àṣà baba wọn padà lójijì? Ìdí rẹ̀ kò fara pamọ́. Ọ̀gá tí ó bá bá ẹrúbìnrin rẹ̀ bímọ kò ní láti jẹ́wọ́ ọmọ náà mọ́. Ọmọ ti di ohun ìní bàbá rẹ̀, bàbá sì lè tà á bí ẹni ta ẹran. Frederick Douglass, tí a bí ní Maryland lí ọdún 1818, tí ó sá kúrò lí oko ẹrú tí ó sì di ọ̀kan nínú àwọn tí ó mọ ọ̀rọ̀ sọ jùlọ lí orílẹ̀-èdè náà, mọ ìyá rẹ̀. Ní ti bàbá rẹ̀, ohun tí ó gbọ́ ni pé òyìnbó ni, àwọn ènìà sì ń sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé ọ̀gá rẹ̀ ni.

Lẹ́hìn tí oko ẹrú parí lí ọdún 1865, a wá ọgbọ́n mìíràn. A kò wo ipò ìyá mọ́, a bẹ̀rẹ̀ sí wọn ẹ̀jẹ̀ bí ẹni wọn epo. Homer Plessy, ará New Orleans, jẹ́ ẹni tí ó jẹ́ pé nínú àwọn baba-ńlá àti ìyá-ńlá rẹ̀ mẹ́jọ, ẹnì kan ṣoṣo li a kà sí dúdú. Bí ó bá rìn kọjá, kò sí ẹni tí yóò mọ̀. Ní ọjọ́ 7, oṣù kẹfà, ọdún 1892, ó mọ̀ọ́mọ̀ wọ inú ọkọ̀ rélùwéè tí a yà sọ́tọ̀ fún àwọn òyìnbó, ó sì jẹ́ kí a mọ irú ènìà tí òun í ṣe, kí a lè mú òun, kí ẹjọ́ náà lè dé iwájú àwọn adájọ́. Lí ọdún 1896 Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ dá a lẹ́bi, ó ní kò sí ohun tí ó burú nínú kí ọkọ̀ dúdú àti ọkọ̀ funfun máa rìn lí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Lí ọdún 1924 Virginia tún ṣe òfin tí ó le jù bẹ́ẹ̀ lọ: ẹnikẹ́ni tí ó bá ní ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan tí kì í ṣe ti funfun, kò lè fẹ́ òyìnbó. Ẹ wá gbọ́ ohun tí ó mú mi rẹ́rìn-ín nínú òfin líle yìí. Nwọ́n fi àyè kékeré kan sílẹ̀ fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ Ìndíà ti Amẹ́ríkà tí ó wà lára rẹ̀ kò bá ju ìdá kan nínú mẹ́rìndínlógún lọ, nítorí pé àwọn ìdílé ńláńlá kan ní Virginia ń yangàn pé ìran Pocahontas, ọmọbìnrin olóyè, li àwọn! Òfin tí ń sọ pé òun kò mọ ojú ẹnikẹ́ni mọ ojú àwọn wọ̀nyí dáadáa. Títí di ọdún 1967 li òfin náà fi wà, nígbàtí Richard àti Mildred Loving, tọkọtaya tí a ti lé kúrò ní Virginia nítorí pé nwọ́n fẹ́ ara wọn, jàre níwájú Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ. Ìpínlẹ̀ 16 li ó ṣì ní irú òfin bẹ́ẹ̀ nígbà náà.

Àwọn akàwé tí ń ka ènìà náà ní ọgbọ́n tiwọn. Lí ọdún 1850 nwọ́n bẹ̀rẹ̀ sí fi àmì sára àwọn tí nwọ́n pè ní mùlátò. Lí ọdún 1890 nwọ́n tún gé wọn sí wẹ́wẹ́: ti ìdajì lọ́tọ̀, ti ìdá kan nínú mẹ́rin lọ́tọ̀, ti ìdá kan nínú mẹ́jọ lọ́tọ̀. Akọ̀wé tí ó kan ilẹ̀kùn ni yóò wo ojú onílé, yóò sì kọ ohun tí ojú rẹ̀ rí. Lí ọdún 1930 a pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Àṣẹ tí a fún akọ̀wé ni pé ẹni tí ó bá ní ẹ̀jẹ̀ dúdú lára pọ̀ mọ́ ti funfun, bí ó ti wù kí ó kéré tó, dúdú ni kí ó kọ. Láti ọdún 1960 li a bẹ̀rẹ̀ sí fi ìwé náà lé àwọn onílé lọ́wọ́ láti fi ọwọ́ ara wọn kọ ọ́, ó sì di ọdún 2000 kí a tó sọ pé ẹni tí ó bá fẹ́ lè fi àmì sí ju ẹ̀yà kan lọ. Lí ọdún náà, mílíọ̀nù 6.8 li ó ṣe bẹ́ẹ̀. Lí ọdún 2010 nwọ́n di mílíọ̀nù 9. Lí ọdún 2020 nwọ́n di mílíọ̀nù 33.8. Kì í ṣe ọmọ bíbí nìkan li ó mú wọn pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lí ọdún mẹ́wàá. Ìbéèrè li a yí padà, àti ọ̀nà tí a gbà ń ka ìdáhùn, púpọ̀ nínú àwọn ènìà náà sì ti wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Èyí ni mo fẹ́ kí àwọn tí ń kọ́ ìṣirò láàárín wa fi sọ́kàn: iye tí a kà kò lè sọ fún wa ju ohun tí a bèèrè lọ.

Nígbàtí a bá wá fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ fún àwọn tí ó kàn, kí ni nwọ́n ń sọ? Nwọn kò sọ ohun kan náà. Walter White, tí a bí ní Atlanta lí ọdún 1893, ní àwọ̀ òyìnbó, irun òyìnbó, àti ẹyinjú tí ó dàbí ojú ọ̀run ní ọ̀gànjọ́ ọ̀sán. Bí ó bá fẹ́, ó lè kó lọ sí ìlú mìíràn kí ó sì di funfun títí ikú. Ṣùgbọ́n lí ọdún 1906, nígbàtí ó wà lí ọmọdé, àwọn òyìnbó dìde sí àwọn dúdú ní Atlanta, nwọ́n sì dé ẹnu ọ̀nà ilé bàbá rẹ̀. Ó kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn ìgbésí aiyé rẹ̀, tí ó jáde lí ọdún 1948, pé lí òru ọjọ́ náà li òun mọ ohun tí òun jẹ́. Àwọ̀ funfun náà li ó fi ń wọ àárín àwọn tí ń pa ènìà dúdú lórí igi, tí ó sì ń bá wọn sọ̀rọ̀ bí ọ̀kan nínú wọn, títí yóò fi gbọ́ àṣírí wọn tí yóò sì tẹ̀ ẹ́ jáde fún gbogbo aiyé. Òun li ó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ NAACP títí ó fi kú lí ọdún 1955.

Jean Toomer gba ọ̀nà mìíràn. Ọmọ-ọmọ Pinchback, ọkùnrin ilé méjì tí ó fi ìgbà díẹ̀ jẹ́ gómìnà Louisiana, ni. Nígbàtí ìwé rẹ̀, Cane, jáde lí ọdún 1923, inú rẹ̀ kò dùn pé àwọn tí ń tà á ń polówó rẹ̀ gẹ́gẹ́bí akọ̀wé dúdú. Ó ní òun kì í ṣe dúdú, òun kì í sì í ṣe funfun; ará Amẹ́ríkà li òun. Àwọn kan pè é ní aláìmoore. Èmi kò lè pè é bẹ́ẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ti Walter White li ó wọ̀ mí lọ́kàn jù. Barack Obama, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ Luo láti Kẹ́ńyà, tí ìyá rẹ̀ sì jẹ́ òyìnbó láti Kansas, gba ìwé ìkànìyàn lí ọdún 2010 nígbàtí ó wà lórí oyè Ààrẹ. Ó fi àmì kan ṣoṣo síbẹ̀, sí iwájú dúdú. Àyè àmì méjì wà nígbà náà, kò lò ó. Tiger Woods, agbábọ́ọ̀lù gọ́ọ̀fù, ní tirẹ̀ sọ lí ọdún 1997 pé láti ìgbà èwe li òun ti mú ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ ẹ̀yà mẹ́rin, tí òun lẹ̀ wọ́n mọ́ ara wọn, tí òun sì fi ṣe orúkọ fún ara òun: Cablinasian. Gbogbo aiyé rẹ́rìn-ín. Ìyá rẹ̀ ará Thailand ni. Bí ó bá pe ara rẹ̀ ní dúdú nìkan, níbo ni kí ó fi ìyá náà sí? Ẹni tí ó bá ń rẹ́rìn-ín orúkọ rẹ̀ gbọ́dọ̀ dáhùn ìyẹn ná.

Ẹ jẹ́ kí n fi ẹnì kan kún un tí ó kàn wá lí ẹ̀gbẹ́ kan. Samuel Coleridge-Taylor, tí a bí ní Lọ́ńdọ̀nù lí ọdún 1875, li ọmọ oníṣègùn kan tí ó ti Sàró wá kàwé, ìyá rẹ̀ sì jẹ́ ọmọ Gẹ̀ẹ́sì. Bàbá rẹ̀ padà sí Áfíríkà, kò sì tọ́ ọ. Ọ̀dọ̀ àwọn ẹbí ìyá rẹ̀ ní Croydon li ó dàgbà sí, láàárín àwọn òyìnbó, orin òyìnbó li ó sì kọ́ tí ó fi di olókìkí. Kò sí ohun tí ìbá fà á sí ọ̀dọ̀ wa bíkòṣe ìfẹ́ ara rẹ̀. Síbẹ̀ ó wà níbi ìpàdé àwọn ènìà dúdú gbogbo aiyé tí a ṣe ní Lọ́ńdọ̀nù lí ọdún 1900, nígbàtí ó sì di ọdún 1905 ó tẹ ìwé orin 24 jáde tí ó ti inú orin àwọn ènìà dúdú mú wá. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ orin Yorùbá. Ọkùnrin tí kò fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀ wa rí wá orin wa rí ní Lọ́ńdọ̀nù, nígbàtí àwọn kan nínú wa tí a bí ní ibí ń tijú láti kọ ọ́ níwájú àlejò. Mo fi èyí sílẹ̀ fún ẹgbẹ́ akọrin wa.

Títí di ibí, mo ń sọ̀rọ̀ àwọn àgbà tí nwọ́n lè gbèjà ara wọn. Iṣẹ́ tiwa jẹ́ ti ọmọdé. Lí ọdún 1950 ìjọba Gúúsù Áfíríkà ṣe òfin pé kí a kọ orúkọ gbogbo ènìà sínú ìwé lábẹ́ ẹ̀yà wọn. Bí ojú ṣe rí ẹni, àti bí àwọn ará àdúgbò ṣe gbà á, li a fi ń pín wọn. Nígbà mìíràn a máa ń ki pẹ́ńsùlù bọ inú irun, bí ó bá jábọ́ a ní funfun ni, bí ó bá há a ní kì í ṣe funfun. Lí ọdún 1966 ọmọbìnrin kan tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá wà ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn funfun tí ọmọ ń gbé inú rẹ̀. Bàbá àti ìyá rẹ̀, méjèèjì, li a kọ sílẹ̀ ní funfun. Ṣùgbọ́n àwọ̀ rẹ̀ dúdú díẹ̀, irun rẹ̀ sì ká kókó, bóyá láti ara àgbà kan tí gbogbo ẹbí ti gbàgbé. Àwọn òbí ọmọ yòókù ń kùn, àwọn olùkọ́ náà ń kùn. Ní ọjọ́ kan ọlọ́pàá wá mú un láàárín àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ó sì dá a padà sílé. Ìjọba kọ orúkọ rẹ̀ kúrò lábẹ́ funfun. Bàbá rẹ̀ gbé ẹjọ́ náà láti ilé-ẹjọ́ kan dé òmíràn, ó dúró gbọnin pé ọmọ òun ni. Lí ọdún 1967 a yí òfin padà pé ọmọ tí òbí rẹ̀ méjèèjì bá jẹ́ funfun, funfun ni. Bẹ́ẹ̀ li ó tún di funfun lórí ìwé. Kí ni ìwé ṣe fún un? Kò sí ọmọ funfun tí ó fẹ́ bá a ṣeré. Nígbàtí ó dàgbà ó tẹ̀lé ọkùnrin dúdú kan lọ, bàbá rẹ̀ sì ta á nù. Òun tìkára rẹ̀ li ó wá bẹ ìjọba pé kí nwọ́n má kọ òun ní funfun mọ́, kí òun lè bá àwọn ọmọ òun gbé abẹ́ òrùlé kan. A fagi lé òfin ìkọrúkọ náà lí ọdún 1991.

Mo ti ro ọ̀ràn ọmọ yìí nígbà púpọ̀. Ohun tí ó ń dùn mí nínú rẹ̀ ni pé àwọn olùkọ́ wà níbẹ̀. Àwọn tí a kọ́ ní iṣẹ́ tí a ń kọ́ wa yìí li nwọ́n ń wo irun ọmọ nígbàtí ó yẹ kí nwọ́n máa wo ìwé rẹ̀.

Ẹ má sì ṣe rò pé gbogbo ọmọ ilé méjì ní Gúúsù Áfíríkà li ó ń wá ẹni tí yóò fún un ní ìdí. Àwọn tí à ń pè ní Coloured níbẹ̀, tí nwọ́n jẹ́ nǹkan bí 8 nínú ènìà 100 nígbà ìkànìyàn ọdún 2022, ti di ènìà kan fúnra wọn. Ìran àwọn Khoikhoi àti San tí ó ni ilẹ̀ náà ni nwọ́n, àti ti àwọn ẹrú tí a kó wá láti Áṣíà, láti Madagáskà àti láti ìlà oòrùn Áfíríkà, àti ti àwọn òyìnbó. Bàbá wọn jẹ́ Coloured, ìyá wọn jẹ́ Coloured, ìyá-ìyá wọn pẹ̀lú. Bí o bá bèèrè lọ́wọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀ pé ìdajì kí li ó jẹ́, yóò wò ọ́ bí ẹni tí orí rẹ̀ kò pé. Àwọn kan nínú wọn fẹ́ orúkọ náà, àwọn kan kò fẹ́ gbọ́ ọ sétí nítorí pé ìjọba àná li ó fi lù wọ́n bí òǹtẹ̀. Àríyànjiyàn tiwọn nìyẹn, kí a jẹ́ kí nwọ́n ṣe é.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní kíláàsì wa kò gbà pẹ̀lú mi rárá. Ó ní, bí olúkúlùkù bá ń sọ ohun tí ó wù ú nípa ara rẹ̀, ọjọ́ ń bọ̀ tí ẹni tí kò ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú wa yóò sọ pé dúdú li òun, kí ó bàa lè jẹ èrè tí a pèsè fún àwọn tí a ti ni lára. Ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ mi lágbára, ibi tí a sì ti rí i gbangba ni Bràsíl, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ti di ẹrú, tí a kò sì dá ẹrú sílẹ̀ tán títí di ọdún 1888. Kò sí òfin ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan níbẹ̀. Nígbàtí ìjọba bèèrè lí ọdún 1976 pé kí olúkúlùkù fi ẹnu ara rẹ̀ sọ àwọ̀ rẹ̀, orúkọ àwọ̀ tí nwọ́n dá lé ní 130. Nínú ìkànìyàn ọdún 2022, àwọn tí nwọ́n pe ara wọn ní pardo, èyí tí í ṣe àdàlù, jẹ́ 45.3 nínú ènìà 100. Àwọn funfun jẹ́ 43.5, àwọn dúdú 10.2. Lí ọdún 2012 ìjọba ṣe òfin pé kí àwọn yunifásítì ìjọba àpapọ̀ ya àyè sọ́tọ̀ fún àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba, kí a sì fi ìpín kan nínú rẹ̀ fún dúdú, pardo àti àwọn onílẹ̀. Ẹsẹ̀kẹsẹ̀ li ọ̀rọ̀ di ẹni tí ń purọ́ àti ẹni tí kò purọ́. Ṣáájú òfin yìí pàápàá, lí ọdún 2007, ìbejì méjì tí nwọ́n jọ ara wọn bí imú ṣe jọ imú fi àwòrán wọn ránṣẹ́ sí yunifásítì Brasília. Àwọn tí ń wo àwòrán sọ pé ọ̀kan jẹ́ dúdú, ìkejì kì í ṣe dúdú. Ìwé ìròhìn kún fún un.

Nísisìyí, ìgbìmọ̀ kan li ó ń wo ẹni tí ó bá fẹ́ wọlé lábẹ́ ètò náà, ojú rẹ̀ ni nwọ́n ń wò, nwọn kò bèèrè bàbá-bàbá rẹ̀. Lákọ̀ọ́kọ́ èyí bí mi nínú. Ṣùgbọ́n bí mo ti ń rò ó, mo rí i pé ohun méjì ni à ń pa pọ̀. Orúkọ tí mo fi ń pe ara mi lí ohun kan. Ìwòsàn fún ọgbẹ́ tí ojú àwọn ẹlòmíràn dá sí mi lára lí ohun mìíràn. Ní Bràsíl ẹni tí kò gbà ènìà síṣẹ́ kò bèèrè ìtàn ìdílé, ojú li ó wò. Nítorínáà bí a bá ń pín ìwòsàn, kò burú bí ojú ẹlòmíràn bá wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ náà kò ní àṣẹ láti kọjá síbi tí ọmọ ti ń sọ fún ara rẹ̀ ẹni tí òun jẹ́. Ọ̀rẹ́ mi sọ pé mo ń la irun sí méjì. Bóyá bẹ́ẹ̀ ni.

Ó ku ohun kan tí ó ṣòro láti kọ nínú ìwé ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ bí tiwa, ṣùgbọ́n kò yẹ kí ó jẹ́ pé láti ẹnu ẹlòmíràn li a ó ti gbọ́ ọ. Ní Kóńgò, nígbàtí Bẹ́ljíọ̀mù ń jọba níbẹ̀, a máa ń gba àwọn ọmọ tí bàbá wọn jẹ́ òyìnbó lọ́wọ́ àwọn ìyá wọn dúdú, a ó kó wọn lọ sí ilé ìjọ níbi jíjìn, a ó sì máa tọ́ wọn bí ẹni tí kò ní òbí, nígbàtí ìyá ń bẹ láàyè tí ó ń sunkún lábúlé. Ẹ̀rù ń ba ìjọba pé bí nwọ́n bá dàgbà láàárín àwọn dúdú nwọn yóò di olórí ọ̀tẹ̀. Àwọn bíṣọ́ọ̀bù Bẹ́ljíọ̀mù tọrọ àforíjì lí ọdún 2017, olórí ìjọba wọn ṣe bẹ́ẹ̀ lí ọdún 2019. Ní oṣù Kejìlá, ọdún 2024, ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní Brussels dá ẹjọ́ àwọn ìyá àgbà márùn-ún tí a ti gbà lọ́wọ́ ìyá wọn kí nwọ́n tó pé ọmọ ọdún méje. Ó ní ìwà ọ̀daràn sí gbogbo ọmọ ènìà ni ìjọba hù sí wọn, kí ó sì san owó fún wọn. Àwọn tí ó tọ́ wọn ní ilé ìjọ náà ka Ìwé Mímọ́ láràárọ̀ bí a ti ń kà á.

Ẹnìkan lè wí pé kò sí irú èyí lọ́dọ̀ wa. Òótọ́ ni pé àwọn ènìà wa mọ bí a ti ń gba ọmọ wọlé. Ẹ wo àwọn Àgùdà tí nwọ́n ti Bràsíl padà wá sí Èkó, tí púpọ̀ nínú wọn ní ẹ̀jẹ̀ Potogí lára. Kò sí ẹni tí ó ń wọn ẹ̀jẹ̀ wọn ní Pópó Àgùdà. Ẹ wo ìdílé de Souza ní Ouidah, lí orílẹ̀-èdè Benin. Francisco Félix de Souza, oníṣòwò ẹrú tí ó ti Bràsíl wá, kú síbẹ̀ lí ọdún 1849. Àwọn ọmọ tí ó bí pẹ̀lú àwọn obìnrin ilẹ̀ náà di ọmọ ilẹ̀ náà, olórí ẹbí wọn ń jẹ oyè Chacha títí di òní, ọ̀kan nínú wọn sì wà nínú àwọn tí ó ṣe olórí ìjọba Dahomey lí ọdún 1969. Orúkọ ilé li a wò, a kò wo àwọ̀. Ìbéèrè wa látayébáyé ni “Ọmọ ta ni ọ́?” Ìbéèrè rere ni, ó sàn ju pẹ́ńsùlù nínú irun lọ.

Ṣùgbọ́n kí a má ṣe yangàn. Bàbá li a ń wò nínú ìbéèrè náà. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ jẹ́ Yorùbá tí ìyá rẹ̀ jẹ́ òyìnbó, a ó sọ ọ́ lórúkọ, a ó kì í, ó ti wọlé. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ jẹ́ Ìjẹ̀bú, tí bàbá rẹ̀ sì jẹ́ àlejò tí ó ti wọ ọkọ̀ òfúrufú lọ, ta ni yóò kì í? Òfin orílẹ̀-èdè wa ti ọdún 1999 sọ pé ẹni tí ọ̀kan nínú òbí rẹ̀ bá jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, ọmọ Nàìjíríà ni, ìbáà ṣe bàbá ìbáà ṣe ìyá. Ìwé tí a fi ń wọ ilé-ẹ̀kọ́ kò rántí bẹ́ẹ̀. Ìlà kan ṣoṣo li ó wà níbẹ̀ fún ìpínlẹ̀ tí a ti wá, akọ̀wé a sì máa bèèrè pé, “Níbo ni bàbá rẹ ti wá?” Bí ọmọ náà bá sì jáde sí ìta, “Òyìnbó!” ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ké tẹ̀lé e. Bí a bá mú ọmọ kan náà dé Lọ́ńdọ̀nù, dúdú ni nwọn yóò pè é. Ìkànìyàn ibẹ̀ ti ṣí ìlà sílẹ̀ fún irú rẹ̀ láti ọdún 2001. Lí ọdún 2021 nǹkan bí 249,000 ènìà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales li ó kọ ara wọn sábẹ́ funfun àti dúdú ti Áfíríkà. Mo mọ̀ dájú pé ọmọ wa kò ní ṣàìsí nínú wọn.

Nítorínáà mo ń fi ẹ̀bẹ̀ kékeré kan síwájú àwọn olùkọ́ wa tí ń ṣe àkóso ilé-ẹ̀kọ́ tí a ti ń kọ́ṣẹ́. Nínú ìwé orúkọ tí a ó tò ní oṣù tí ń bọ̀, kí a fa ìlà méjì sí ibi tí a ti ń bèèrè ìlú: ọ̀kan fún ti bàbá, ọ̀kan fún ti ìyá. Ọmọ tí ó bá tó láti kọ̀wé, kí a jẹ́ kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́. Bí ó bá kọ méjèèjì, kí a gba méjèèjì. Bí ó bá kọ ọ̀kan tí ó fi èkejì sílẹ̀, kí olùkọ́ má ṣe bi í léèrè ìdí rẹ̀ lójú àwọn ọmọ yòókù.